Agbo Ilé Wa Nínú Eré Ìbọn

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ìbọn ni mo fi lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo ti yin ọ̀gá mi níbọn, mo ti yin alfa níbọn, mo sì ti yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan níbọn láti ẹ̀yìn nígbà tó ń sá lọ. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn. Tí wọ́n bá ṣubú tán, wọn á jí dìde níbòmíràn nínú kọ̀ǹpútà, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kiri.

Ó kù bí ọdún méjì kí ọdún 2000 dé. Ajíbọ́dé ni mò ń gbé, nínú yàrá kan tí mo háyà lẹ́yìn yunifásítì, mo sì ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fọwọ́ kọ wá, ọwọ́ ìkọ̀wé tí adìẹ á rí tí á mọ̀ pé ọmọ òun ló kọ ọ́, èmi á sì bá wọn tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi fi wáyà so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n ní nítorí iṣẹ́ ni. Irọ́ gbuu ni. Nítorí eré ìbọn ni.

Eré náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ojú yín ti di ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó rí ìbọn tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí ọ̀nà níwájú, ẹ̀yin mẹ́rin á sì máa dọdẹ ara yín kiri inú ilé kan náà. Ilé yẹn, tàbí ìlú yẹn, tàbí ihò ilẹ̀ yẹn, òun là ń pè ní máàpù.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é. Ọ̀gá mi ni àkọ́kọ́, ẹni ńlá tó ń làágùn kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn rárá. Alfa kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti kéwú lápá Lágelú ni ìkejì. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí. Ìkẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oko, bẹ́ẹ̀ kò mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé ìbẹ́pẹ. Èmi obìnrin ni mo ṣe ìkẹrin. Alfa kì í bú èèyàn, kì í sì í pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lúgọ bíi tirẹ̀. Tó bá yìn ọ́ níbọn tán, á ní, pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Bí pẹ̀lẹ́ ṣe di òfin láàárín wa nìyẹn. Ẹni tó bá yin ẹni tó jù ú lọ níbọn gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ sà, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé, ọ̀gá mi pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n ní kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìwà ná.

Ẹ̀gbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yìí wà ní òkè òkun, òun ló ń fi dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì bọ inú kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́. Àwọn máàpù tí àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí kọ́ fúnra wọn ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn, wọn ò gbowó rẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn máa ń kọ lẹ́tà kékeré mọ́ máàpù tirẹ̀. Á sọ bí iṣẹ́ náà ṣe pẹ́ tó, á dárúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́, á bẹ̀ wá pé ká má ṣe bínú sí ògiri kan tó wọ́. Ọ̀kan kọ ọ́ pé ìyàwó òun ti bínú wọlé lọ sùn, òun sì ń bọ̀ lẹ́yìn tí òun bá parí àtẹ̀gùn yìí. Mo fẹ́ràn àwọn lẹ́tà yẹn ju ìbọn lọ. Inú mi dùn pé ẹnì kan jókòó níbi tí n kò lè dé láé, ó ń ro ibi tí èmi máa gbà wọlé.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ máàpù wà nínú ọ̀kan lára àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì náà. Bí ọwọ́ mi ṣe tẹ̀ ẹ́, mo di ẹrú rẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ fa ìlà bí ẹni tó ń wo ilé láti òkè, á sọ bí ògiri á ṣe ga tó, á mú àwọ̀ fún ilẹ̀, á fi ìmọ́lẹ̀ síbi tó wù ú. Máàpù àkọ́kọ́ tí mo kọ́, yàrá kan báyìí ni, ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo rò pé ó dára. Àwọn mẹ́ta yòókù wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń pa gbogbo èèyàn, eré parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Alfa yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ní òkété kì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan, ìwọ ọmọ àgbẹ̀ láti Akínyẹlé ló yẹ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò kọ́ ibì kan tí kò ní ọ̀nà méjì mọ́.

Nígbà tó yá, ààfin àti ọkọ̀ ojú òfurufú tí gbogbo wọn ń kọ́ sú mi. N kò rí ẹni tó kọ́ ilé alámọ̀ onípáànù rí. Mo wá sọ fún ara mi pé agbo ilé wa ni màá kọ́.

Akínyẹlé ni agbo ilé wa wà. Bàbá mi ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, alàgbà sì ni wọ́n nínú ìjọ aládùúrà. Àbúrò wọn kan ṣoṣo, bàbá kékeré, mùsùlùmí ni, àgbẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń tún rédíò ṣe. Bàbá kékeré ló kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń jó wáyà mọ́ra hàn mí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilé tẹ̀gbọ́n àti ilé tàbúrò fẹ̀yìn ti ara wọn, ẹnu-ọ̀nà kan sì já láti inú ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé èkejì. Ibẹ̀ ni abọ́ ọbẹ̀ ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni àwa ọmọ ń gbà sá fún pàṣán. Bó ṣe wà nìyẹn títí ìyá wọn fi kú.

Mùsùlùmí ni ìyá àgbà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí àìsàn wọn le, bàbá mi gun òkè àdúrà lọ, wọ́n ní àwọn máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje kí ìyá àwọn lè dìde. Ọjọ́ karùn-ún ni ìyá àgbà kú. Àwọn mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Bàbá kékeré rán àna wọn kan tó ń gun ọ̀kadà lọ sí orí òkè, wọ́n dúró títí di ìrọ̀lẹ́, àna náà sì dá nìkan padà dé. Wọ́n sin ìyá àgbà kí oòrùn tó wọ̀, sí ẹ̀yìnkùlé bàbá kékeré, lábẹ́ igi ọsàn. Nígbà tí bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ keje, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé abúlé ni wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ti sin ìyá àgbà. Wọn ò dé ìdí ibojì rárá. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n lọ kó, wọ́n sì dí ẹnu-ọ̀nà náà pa.

Ohun tí gbogbo abúlé mọ̀ ni pé àwọn aṣọ́nà tó wà nísàlẹ̀ òkè kò jẹ́ kí ọlọ́kadà gòkè. Bàbá mi ní àbúrò àwọn ì bá ti dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbè sẹ́yìn wọn, wọ́n ní àkọ́bí kì í wà láyé kí wọ́n sin ìyá rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. Bàbá kékeré kò fèsì fún ẹnikẹ́ni. Ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi ń gbọ́ ìró ikọ́ ara wọn láti ẹ̀yìn ògiri, tí wọn ò sì kí ara wọn. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ọ̀kan nínú wọn máa kú báyìí, èkejì á sì máa gbọ́ ẹkún láti ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù.

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé nítorí ìjà wọn ni mo fi kọ́ máàpù mi. Máàpù tó dára ni mò ń wá. Mo ra téèpù àwọn kápẹ́ńtà, mo mú ìwé àjákọ kan, mo sì lọ sílé. Mo wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọn ibi ìdáná, mo gba ojú títì yí lọ sọ́dọ̀ bàbá kékeré, mo wọn ẹ̀yìnkùlé tiwọn náà. Àṣìṣe ńlá ni. Ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n bá rí ẹni tó ń fi téèpù wọn ilé ẹbí, ọ̀rọ̀ méjì ni: ó fẹ́ tà á, tàbí ó fẹ́ pín in. Èmi ọmọ bíbí ibẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn. Ìyàwó bàbá kékeré rọra bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà ni. Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Lójú àwọn ará ilé wa nígbà náà, ohun tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà, ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn. Mo padà sí Ajíbọ́dé tayọ̀tayọ̀, láìmọ̀ pé wọ́n ti pèpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ mi.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Mo wá àwọ̀ tó jọ amọ̀ tí òjò ti lù, mo wá èyí tó jọ páànù dídógùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé títí mo fi dé ibi ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n dí. Bí mo bá fi í sílẹ̀ ní dídí, ilé méjèèjì á di ihò ẹlẹ́nu kan, ọ̀rọ̀ alfa á sì tún ṣẹ mọ́ mi lára. Mo jókòó tì í fún bí wákàtí kan. Mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá rí i, wọ́n máa sọ pé mo ti gbè sẹ́yìn àbúrò wọn. Mo wá rò ó pé níbo ni bàbá mi ti fẹ́ rí i. Mo tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ògiri ọdún méje pòórá.

Inú àwọn ẹgbẹ́ mi dùn sí máàpù náà débi pé wọn ò jẹ́ kí n jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ sá gba ibi ìdáná kọjá, ọ̀gá mi há sáàárín agbada àti ògiri, à ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìnkùlé bàbá kékeré ni alfa ti dúró lójijì. Ó bi mí pé ibojì ta ló wà lábẹ́ igi yìí. Mo ní ìyá bàbá mi ni. Alfa gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ṣàdúrà fún wọn, ó sì ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yìnbọn lọ́dọ̀ ìyá. A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ìdí ibojì, ó ti dé ibi àlàáfíà, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án títí tó fi máa kúrò níbẹ̀. Ẹni tí òfin yìí ṣe láǹfààní jù ni ọ̀gá mi. Ọta kan bá wọn báyìí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń sá lọ. Àwa tí a jẹ́ ọmọ-ọmọ kò bẹ̀ wọ́n wò tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan, a wà lẹ́nu eré yìí nígbà tí ojú ilẹ̀kùn ṣókùnkùn. Mo gbójú sókè, bàbá mi ni mo rí. Wọ́n wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, eruku ọ̀nà ti dé orúnkún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá mi náà dọ̀bálẹ̀, alfa dìde gba àga fún wọn. Bàbá mi kò jókòó. Wọ́n ní gbogbo ẹbí ló ń sọ pé mo fẹ́ ta ilé, àwọn sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn tó lọ bá wọn jà. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, eré ni. Wọ́n ní irú eré wo ni wọ́n ń fi téèpù ṣe. Kò sí irọ́ tó wá sí mi lẹ́nu, ni mo bá ní kí wọ́n wá wò ó.

Wọ́n jókòó ti mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn rìn nínú ilé ara wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn tipẹ́. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyí, yàrá àwọn nìyí, ẹ wo ibi ìdáná. Wọ́n ní mo gbàgbé àmù omi. Wọ́n ní páànù ibẹ̀ yẹn ń jò, kí ló dé tí mi ò ṣe ihò sí i. Mo fẹ́ rọra yí padà síta láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n alfa, tí kò mọ ìtàn ilé wa rárá, nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, ẹ jẹ́ kó mú yín gba ọ̀nà yẹn, bàbá, ọ̀nà yẹn ló dáa jù níbẹ̀.

Bàbá mi rí ẹnu-ọ̀nà náà ní ṣíṣí. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo ń retí kí wọ́n dìde.

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi ni, bàbá."

"Kí ló dé?"

Mo ní àwọn tó ń sáré nínú ilé náà ò ríbi gbà, gbogbo wọn ń há sójú kan. Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo kọjá ẹnu-ọ̀nà náà, mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo dúró síwájú igi ọsàn. Èèyàn kan ti wà nídìí ibojì, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mira. Ọ̀gá mi ni, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí bàbá mi tó wọlé. Bàbá mi béèrè pé ta nìyẹn, kí ló ń ṣọ́. Alfa dá wọn lóhùn pé kò ṣọ́ nǹkan kan, ó ń sinmi ni.

"Bí a ti ń lé ara wa tó," ni alfa wí, "a kì í bá ara wa jà lọ́dọ̀ ìyá."

Bàbá mi sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí, ohùn wọn lọ sílẹ̀, pé ṣé bó ṣe rí nìyí, ṣé abẹ́ igi gan-an ni. Mo ní bó ṣe rí nìyí. Ìgbà náà ló tó yé mi dáadáa pé wọn ò rí i rí. Ojú tì mí, nítorí pé àwọn àlejò tó ń ṣeré ti mọ ibojì ìyá bàbá mi ju bàbá mi lọ. Wọ́n béèrè omi, wọ́n mu ún, wọ́n súre fún gbogbo wa àti fún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n wá sílé lọ́jọ́ Ajé. Wọn ò bú mi. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti múra. Wọn ò sọ ibi tí à ń lọ. A gba ojú títì yí po, àwọn níwájú, èmi lẹ́yìn, àwọn tó jókòó síwájú ilé wọn ń fojú sìn wá bí a ṣe ń kọjá. Bàbá kékeré jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwọn, wọ́n ti tú rédíò kan sórí tábìlì. Bí wọ́n ṣe rí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín irinṣẹ́. Bàbá mi kò dúró. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé tààrà, bí ẹni tó ti gba ibẹ̀ rí láìpẹ́, wọ́n sì dúró síwájú igi ọsàn. Bàbá kékeré dìde tẹ̀ lé wọn. Èmi àti ìyàwó bàbá kékeré dúró lẹ́bàá ògiri, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n jíṣẹ́ rẹ fún mi," ni bàbá mi wí, wọn ò yíjú padà. "Kò sẹ́ni tó dá àna rẹ dúró nísàlẹ̀ òkè. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ tì mí, mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ méje mi pé. Mo rò pé bí mo bá lè parí rẹ̀, ìyá á dìde. Èmi ni mi ò bá a bọ̀."

Ọwọ́ ìyàwó bàbá kékeré le mọ́ tèmi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ò gbọ́ ọ rí.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni bàbá kékeré wí. "Kí àna mi tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà ló ti sọ fún mi. Èmi ni mo ní kó sọ pé àwọn aṣọ́nà ò jẹ́ kóun gòkè."

Bàbá mi wá yíjú padà. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́, ní gbogbo ọdún méje tí abúlé fi ń bú u.

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún?" ni bàbá kékeré wí. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi."